Orin Ìpọnmọ Tí Wọ́n Fi Ta Ọṣẹ

                                        Ojúlé Kẹrìnlá, Òpópónà Ìdẹ̀ra,
                                        Ajégúnlẹ̀, lẹ́bàá Owódé Onírin,
                                        Kòsọ̀fẹ́, Èkó.
                                        Ọjọ́ Kẹtàdínlọ́gbọ̀n, Oṣù Kẹwàá, 2007.

Oyin, ọmọ bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Màmá rẹ ńkọ́, ṣé orúnkún wọn ti gbà fún wọn láti máa kírun láìjókòó? Ẹ kú ọdún ìtúnu ààwẹ̀ tó kọjá, ẹ kú òjò. Àdìẹ aláìnírù yẹn ńkọ́, àbí ẹ ti fi ṣọdún? Àwa níbí wà láàyè, omi nìkan ni kò jẹ́ ká gbádùn. Odò ti tún wọlé. Orí pákó là ń rìn láti ẹnu ọ̀nà dé títì, bó o ṣe mọ̀ ọ́n gẹ́lẹ́, àfi pé èyí tó o máa ń jó lórí rẹ̀ ti jẹrà. Mo ti já sómi níbẹ̀. Má rẹ́rìn-ín.

Fara da ìwé kíkọ mi. Ìwọ náà mọ̀ pé ọjọ́ tí tíṣà gbọ́ ohùn ara rẹ̀ láti ẹnu mi nígbà tó kọjú sí pátákó ni ìwé mi parí. Iṣẹ́ mẹkáníìkì ni mo ń kọ́ ní Kétu báyìí.

Orin Ìyá Àgbà ló mú mi kọ̀wé. O ò lè gbàgbé. Bí omi bá ti wọlé, Ìyá Àgbà á gbé mi ka orí tábìlì, wọ́n á pọ̀n ọ́, wọ́n á wá máa mi ara díẹ̀díẹ̀:

Ta ni mo pọ̀n tí kò tíì sùn?
Oyin ni mo pọ̀n, ọmọ Ilé Aláràn-án,
Ilé Aláràn-án, lẹ́yìn ọjà Ìsẹ́yìn.
Oyin, ṣé o ti sùn?

Èmi á ti sùn lọ ní tèmi. Ìwọ ní tìrẹ, wàá dáhùn látẹ̀yìn wọn pé, "Mo ti sùn, Ìyá Àgbà." Wọ́n á fọwọ́ gbá ọ nídìí, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ láti òkè. Títí dòní, bí òórùn ẹrẹ̀ odò bá ti gba imú mi, orin yẹn ni etí mi ń gbọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi Kúnbi ti bímọ o. Ayọ̀ọlá lorúkọ ọmọ. O mọ àṣà ilé wa, pé ẹnikẹ́ni kì í pọn ọmọ tuntun kí ìyá tó dàgbà jù tó fi orin yẹn pọ̀n ọ́n, àti pé orúkọ ọmọ ẹ̀yìn ẹni nìkan ló ń wọ inú rẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ ṣe é, Ìyá Àgbà ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, Kúnbi ti ń gbé ọmọ bọ̀ lẹ́yìn wọn, ni rédíò orí fèrèsé bá gba orin náà kọ. Orin wa gan-an. Obìnrin olóhùn ṣúgà kan ló ń kọ ọ́: "Ta ni mo pọ̀n tó ń dán báyìí? Jọ̀lọ̀ ni mo pọ̀n, ọmọ ilé Jọ̀lọ̀." Ọṣẹ ìwẹ̀ ni Jọ̀lọ̀ o, Oyin. Wọ́n gbé ọṣẹ pọ̀n.

Ìyá Àgbà dìde, wọ́n ká ìró wọn, wọ́n ní orúkọ ọṣẹ ti wọ ibi orúkọ ọmọ, àwọn ò ní fi orin ọṣẹ pọn ọmọ ènìyàn. Láti ọjọ́ náà, apá ni Kúnbi fi ń gbé Ayọ̀ọlá kiri. Ọwọ́ kan ló fi ń rokà, ọwọ́ kan náà ló fi ń fọṣọ, ó sì ń bú gbogbo ẹni tó bá wẹ̀ nítòsí rẹ̀.

Ṣé o rántí ọkùnrin tó gbé rìkọ́dà wá sípàdé àwọn obìnrin Ìsẹ́yìn ní Ìkòsí, lọ́dún tí ìwọ àti màmá rẹ fi wá sílẹ̀? Charles ni wọ́n ń pè é, iṣẹ́ ìpolówó ọjà ló ń ṣe ní Magodo. Ó ní òun ò fẹ́ kí irú orin bẹ́ẹ̀ parun. Àwọn ìyá wa kọ ọ́ fún un, wọ́n tún fún un ní ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín. Lójú tiwọn, ó ti yá orin nìyẹn, ẹni tó bá sì yá a, tó bá kọ ọ́ tán, á ní, "Ilé Aláràn-án la ti yá a." Kò sẹ́ni tó sọ èyí fún un. Ta ló ń kọ́ àgbàlagbà pé kó dúpẹ́?

Ọ̀dọ̀ rẹ̀ nìkan ni orin náà ti lè dé rédíò, ni èmi àti Ìyá Àgbà bá gba ọ́fíìsì rẹ̀ ní Magodo lọ. Máígádì ò jẹ́ ká wọlé. Mo bá yọ́ sẹ́yìn ọkọ̀ kan, mo fi ohùn Charles tí mo ti gbọ́ ní Ìkòsí pè é pé kó jẹ́ kí màmá wọlé jàre, àlejò òun ni wọ́n. Máígádì ṣe sàlúùtù fún mọ́tò, ó sì ṣílẹ̀kùn.

Charles ò rí wa fín o. Ó fún wa ní àga, ó bi Ìyá Àgbà pé ta ló kọ́kọ́ dá orin náà. Ìyá Àgbà ní ẹnu ìyá ọkọ àwọn làwọn ti gbà á, òun náà gbà á lẹ́nu ìyá ọkọ tirẹ̀. Charles rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní, "Màmá, orin tí kò lólúwa, ti gbogbo ayé ni."

Ìyá Àgbà ní, "Ọmọ mi, kànga àdúgbò náà ò ní olúwa. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá tọ̀ sí i, gbogbo àdúgbò ló ń mọ̀ ọ́n."

Ó fún wa ní odidi páálí Jọ̀lọ̀. Ìyá Àgbà fi sílẹ̀ níbẹ̀. Èmi mú ẹyọ kan. Ó ń hó dáadáa.

Lọ́jọ́ kan, mo gbé gálọ́ọ̀nù ọ́ìlì pọ̀n ní ṣọ́ọ̀bù, mo ń kọ orin ọṣẹ yẹn fún wọn, gbogbo wọn ń kú ẹ̀rín. Aunty Helen, lọ́yà tí ọ̀gá mi ń tún ọkọ̀ ṣe fún, náà ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n bi mí pé níbo ni mo ti rí i. Mo sọ. Ẹ̀rín tán lójú wọn. Wọ́n ní òfin kọpiráìtì Nàìjíríà mọ irú orin bẹ́ẹ̀, àti àlọ́, àti ijó. Ẹni tó bá fẹ́ fi ṣòwò ní láti gbàṣẹ lọ́wọ́ iléeṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó o, kó sì dárúkọ ibi tó ti mú un wá. Mo ní ohun tí Ìyá Àgbà ń sọ kọ́ nìyẹn? Wọ́n ní òun náà ni, pé èyí kàn wọ kóòtù ni.

Aunty Helen kọ̀wé sí Charles, wọ́n kọ ohun tó yẹ kí ẹni tó yá orin sọ sínú rẹ̀. Lọ́sàn-án Sátidé tó kọjá, àwọn méjèèjì wá bá Ìyá Àgbà àti àwọn ìyá Ìsẹ́yìn nílé wa. Charles bọ́ bàtà sọ́wọ́, ó ń tọ pákó bọ̀ bí ológbò. Ó ń ṣe mí bíi kí n júwe pákó jíjẹrà yẹn fún un, ṣùgbọ́n Ìyá Àgbà ti wò mí lójú.

Ó bẹ̀bẹ̀. Ó ní òun ò mọ̀ pé irú òfin bẹ́ẹ̀ wà, òun á dá ìpolówó náà dúró títí òun á fi gbàṣẹ. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun gbọ́ orin náà bó ṣe yẹ kó rí. Ìyá Àgbà pa ẹnu dé. Àwọn ìyá yòókù ń wo ilẹ̀. Tí àgbà bá dákẹ́, ta ni yóò kọ ọ́?

Oyin, n ò mọ ìgbà tí mo la ẹnu. Ohùn Ìyá Àgbà ló jáde, tòun ti fèrè tí afẹ́fẹ́ ń fọn níbi eyín wọn tó yọ. Mo dé ibi orúkọ, mo há. N ò lè pe Ayọ̀ọlá, wọn ò tíì pọ̀n ọ́n. Tìrẹ ló wá sí mi lẹ́nu. "Oyin ni mo pọ̀n, ọmọ Ilé Aláràn-án." Àwọn ìyá bá gbè é.

Charles gbọ́ ọ dé òpin. Ó ní tí ìpolówó náà bá máa padà, Jọ̀lọ̀ kò ní wọ ibi orúkọ ọmọ mọ́. Ìyá Àgbà ní kó sọ ìyókù. Ó dìde nínú omi, bàtà lọ́wọ́, ó ní, "Ilé Aláràn-án, Ìsẹ́yìn, la ti yá a."

Ìyá Àgbà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Kúnbi sáré gbé ọmọ kà wọ́n lẹ́yìn kí wọ́n tó yí ọkàn padà. Wọ́n kọ ọ́, wọ́n sì bèèrè pé, "Ayọ̀ọlá, ṣé o ti sùn?" Ọmọ ti sùn lóòótọ́. Ìyá Àgbà wá yíjú sí tábìlì wa àtijọ́.

"Oyin, ṣé o ti sùn?"

Charles ń wò kiri, ó ń wá ẹni tó ń jẹ́ Oyin. Mo bọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo fi ohùn kékeré rẹ ìgbà yẹn dáhùn: "Mo ti sùn, Ìyá Àgbà."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di ògiri mú, wọ́n wá fi etí ìró nu ojú. Wọ́n ní, "Sàká, o mọ̀ ọ́n ṣe. Ṣùgbọ́n kọ̀wé sí i. Ẹni tí mo pè ni kó wá dá mi lóhùn."

Iṣẹ́ tí wọ́n rán mi nìyí. Bá mi kí màmá rẹ, kí o kúnlẹ̀ kí wọn dáadáa. Kúnbi ní kí n sọ fún ọ pé ẹ̀yìn òun ti rí iṣẹ́, apá òun ti sinmi. Omi á fà tó bá di ọjọ́ díẹ̀, ọ̀nà á dára, mo sì ti ń pààrọ̀ pákó rẹ yẹn. Wá dáhùn fúnra rẹ, ọ̀fun ń dùn mí.

Tìrẹ ni mí, bí ohùn mi bá tilẹ̀ jẹ́ ti gbogbo ayé,

Sàká