Màmá Ti Béèrè

Ugbonla,
Ìlàjẹ,
Ìpínlẹ̀ Oǹdó.

Rejoice, àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ láti etí omi. Ṣé ara le? Ṣé o ti ń rí oorun sùn ní ilé àwọn sísítà ìjọ Àgùdà tó gbà yín sílé ní Gabon? Kí Olúwa tó yọ ọ́ lọ́wọ́ àwọn tó rà ọ́ má ṣe jẹ́ kí àìsàn mọ ibùsùn rẹ. Ara Màmá ń le bọ̀. Èmi náà wà, àfi inú tó ń bí mi.

Ọ̀rọ̀ ẹjọ́ ni mo fẹ́ sọ. Agbẹjọ́rò ìjọba fi ìwé àdéhùn kan hàn mí, Nàìjíríà àti Gabon wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tó fọwọ́ sí i. Ó ní ẹni tí kò bá tíì pé ọmọ ọdún méjìdínlógún, bí òbí rẹ̀ tilẹ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ fà á léni lọ́wọ́, tí wọ́n bá ti mú un lọ fi ṣòwò, ẹ̀ṣẹ̀ ni. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti parí.

Kò parí. Kóòtù fẹ́ gbọ́ láti ẹnu rẹ. Wọ́n kọ̀wé sí Gabon, ìwé náà padà wá nítorí pé kì í ṣe èdè Faransé ni wọ́n fi kọ ọ́. Wọ́n túmọ̀ rẹ̀, wọ́n tún fi ránṣẹ́, ọ́fíìsì tó gbà á ní kì í ṣe ọ̀dọ̀ àwọn ló yẹ kó wá. Nígbà tí èsì máa dé, wọ́n ní o lè sọ̀rọ̀ láti ọ̀hún lórí fídíò, bí ìwọ bá gbà, tí ìyá rẹ sì fọwọ́ sí i. Adájọ́ sì ti ní bí òun kò bá gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ ní ìjókòó tó ń bọ̀, òun á dá Bọ̀dá Barnabas, ìbátan bàbá wa tó gbé ọ lọ, sílẹ̀.

Màmá kò fọwọ́ sí i. Ó ní ohun tí o bá sọ ní kóòtù á dé Ugbonla kí àwa tó délé, ta ni yóò wá fẹ́ ọ? Ìtìjú ọjọ́sí ní kóòtù kò sì tíì kúrò lára rẹ̀. Lọ́yà Bọ̀dá Barnabas bi í pé ibo ni ọkùnrin náà ní òun ń mú ọ lọ. Màmá ní ó ní kí o lọ bá ìyàwó òun yan ẹja ní àgọ́ apẹja. Àgọ́ wo? Ó ní òun kò bi í. Ẹni tó bá ti fẹ́ ṣí ọkọ̀ sójú òkun, a kì í bi í níbi tó ń lọ. Ìwọ náà mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n tọ́ wa. Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Mo ń wo ọwọ́ Màmá, ó di etí ìró rẹ̀ mú gírígírí.

Wọ́n ti gba onídùúró Bọ̀dá Barnabas, ó ti padà sílé. Bí mo bá ti sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ Ìgbókòdá, á ní, "Ọmọ ìwé, ṣé àwọn òyìnbó rẹ ti fèsì?" Àwọn tó ń tún àwọ̀n ṣe á máa rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ Àìkú, ó gbé ẹja yíyan wá sílé wa. Ó ní kí a parí ọ̀rọ̀ náà bí ẹbí. Ó wo Promise àbúrò wa níbi tó ti ń fọ abọ́, ó ní ó ti dàgbà, ọkọ̀ òun máa tó ṣí, kó wá ran ìyàwó òun lọ́wọ́.

Màmá ní, "Níbo?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ìyàwó wa, ìwọ náà mọ̀ pé a kì í béèrè."

"Mo béèrè. Níbo lẹ gbé ọma mi lọ?"

Màmá gbé ẹja rẹ̀ lé e lọ́wọ́ padà.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, a wọ ọkọ̀ lọ sí kóòtù ní Ìgbókòdá, Màmá sì fọwọ́ sí ìwé pé o lè sọ̀rọ̀. Ó wá ku ìwọ. Rejoice, mo fẹ́ kí o sọ̀rọ̀, n kò ní purọ́ fún ọ. Ṣùgbọ́n inú ń bí mi pé gbogbo orílẹ̀-èdè wọ̀nyí fọwọ́ sí ìwé, wọ́n wá gbé ẹrù náà lé ọmọ tí wọ́n tà lórí. Bí ẹnu rẹ bá wúwo, sọ fún àwọn sísítà pé rárá. N kò ní bínú sí ọ. Àwọn tí mo ń bínú sí ti pọ̀ tó.

Kí Ọlọ́run tó ni òkun la ọ̀nà ilé fún ọ. Kí ojú má tì ọ́ láàárín ẹgbẹ́ rẹ. A ó fojú kan ara wa láyọ̀.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tó ń retí rẹ,
Jọọlá.

Àfikún: Màmá ní bí o bá máa sọ̀rọ̀, kí wọ́n sọ ọjọ́ fún òun, òun á jókòó síbi tí o ti lè rí òun. Bí o kò bá sì ní sọ ọ́, ó ní kí wọ́n ṣì fi fídíò náà pe òun. Ojú rẹ ni òun fẹ́ rí.