Ẹni Tó Mú Aṣọ Dání

Ọjọ́ Ajé, 1 Nòfẹ́ńbà 1954

Fọláṣadé, aya mi, ọjọ́ kọkàndínlógún rèé tí a ti sin ọ́. Mo ṣí ṣọ́ọ̀bù lónìí. Àwọn ará Ìsàlẹ̀ Èkó ní ó yá jù. Olójú-kan rẹ — orúkọ tí o sọ mí nítorí pé mo máa ń di ojú kan nídìí kámẹ́rà — kò mọ ibòmíì tí òun lè jókòó sí.

Adéníkẹ́ aránṣọ yà wọlé. Ó ní òun ṣì ń bá mi lọ sí ọ̀sà, kí n parí àwọn fótò inú igi ẹ̀gbà etí omi tí èmi pẹ̀lú rẹ bẹ̀rẹ̀. A óò lọ.

Ọjọ́bọ̀, 4 Nòfẹ́ńbà

Sùlè fi ọkọ̀ ojú omi gbé wa láti Èbúté Èrò kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, ó sì wà á padà sẹ́yìn lọ dúró lókèèrè, bó ti máa ń ṣe. Omi ti fà. Gbòǹgbò ẹ̀gbà yọ síta. Ìmọ́lẹ̀ náà dára — èyí tí kì í dán, tó ń mú kí awọ ara àti èèpo igi jọra wọn.

Mo kọ ẹ̀yìn. Adéníkẹ́ bọ́ra, ó fi ìró rẹ̀ kọ́ ẹ̀ka igi. Kò sẹ́ni tó sọ pé "Ó yá, Olójú-kan," bí o ti máa ń sọ. Òun fúnra rẹ̀ ló wúkọ́, kí n tó yíjú padà.

Ọjọ́ Ẹtì, 5 Nòfẹ́ńbà

Mo fọ fótò. Kò dára. Igi dára, omi dára. Ṣùgbọ́n èjìká rẹ̀ sún mọ́ etí, bí ẹni tó gbọ́ ìró ẹsẹ̀ nínú igbó. Ìhòòhò ni mo yà, Ṣadé. Àwa kì í ya ìhòòhò. Ara tó ti gbàgbé pé òun ò wọṣọ là ń yà.

Mo rò pé aṣọ lásán lo máa ń bá àwọn tí à ń yà mú dání.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta

Bí mi ò bá rẹ́ni mú aṣọ, iṣẹ́ wa parí nìyẹn.

Ọjọ́ Ajé, 8 Nòfẹ́ńbà

Màámi, ìyá rẹ, dé láti Ìjẹ̀bú. Wọn ò jókòó. Ẹnìkan ti sọ fún wọn pé fótò rẹ wà lọ́wọ́ mi.

"Ọkọ wa, a ti wọ ọmọ mi láṣọ kí a tó gbé e sin. Ta ló tún ń bọ́ ọ sí ìhòòhò nínú ṣọ́ọ̀bù?"

Wọ́n ní kí n mú gíláàsì tí a ti ń tẹ fótò náà wá, àwọn óò fọ́ ọ. Mo gbé e lé wọn lọ́wọ́. Fótò àkọ́kọ́ wa, Ṣadé. Wọ́n gbé e síwájú fèrèsé; nínú gíláàsì, dúdú ni í di funfun.

"O ti sọ ọ́ di òyìnbó!"

Ẹ̀rín fẹ́ pa mí, ẹ̀rù ò jẹ́. Mo mú èyí tí mo ti tẹ̀ sórí bébà wá: ìwọ lórí gbòǹgbò, tí o kọ ẹ̀yìn sí wa. Wọ́n fi àtàǹpàkò tọ ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ látòkè délẹ̀.

"Ta lo rò pé ó ṣe ẹ̀yìn yìí? Omi gbígbóná àti àdín, láàárọ̀, lálẹ́. Mo nà án, mo fà á, ó ń ké. Ìyá ọkọ mi ní mo fẹ́ pa ọmọ. Iṣẹ́ ọwọ́ mi lò ń yà, o ò sì pè mí!"

Wọ́n wá jókòó. Wọ́n bèèrè omi. Wọ́n ní fótò náà ti di tàwọn, kí gíláàsì máa wà lọ́dọ̀ mi, kò sì gbọdọ̀ dé ojú fèrèsé ṣọ́ọ̀bù láéláé. Mo gbà.

Mo sọ ti Adéníkẹ́ fún wọn.

"Orí igi lo gbé aṣọ kọ́? Ẹni tó ń wẹ ọmọ ló ń mú aṣọ dání, kí ọmọ lè mọ̀ pé òtútù ò ní pa òun."

Mo bẹ̀ wọ́n.

Ọjọ́bọ̀, 11 Nòfẹ́ńbà

Wọ́n bá wa lọ. Nínú ọkọ̀, wọ́n ń bú Sùlè pé ó ń wà á bí ẹni tó ń ro ọkà. Nígbà tí a dé ìdí ẹ̀gbà, mo kọ ẹ̀yìn, mo kọjú sómi.

"Sọ èjìká kalẹ̀, Adéníkẹ́. Ṣé wọ́n fẹ́ nà ọ́ ni?" Adéníkẹ́ bú sẹ́rìn-ín. Ó wá dákẹ́. Omi nìkan ni mo ń gbọ́.

Lẹ́yìn náà, Màámi: "Ó yá, Olójú-kan."

Mi ò mọ̀ pé o sọ orúkọ yẹn fún wọn. Mo nu ojú kí n tó yíjú padà. Ìró Adéníkẹ́ wà ní àyà wọn, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú.

Fótò náà dára, Ṣadé. A tún ń lọ ní Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀. N óò máa kọ ẹ̀yìn títí wọn óò fi pè mí.