Ilé Wa Tí Ẹ Kó Lọ Sórí Àpáta

Ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ, mo kí ọmọ yín tí mi ò tíì rí. Iṣẹ́ tí ò ń jí lọ ṣe láràárọ̀ kò ní rẹ̀ ọ́. Ara wa le, àfi orúnkún ìyá rẹ, ewúrẹ́ dúdú sì ti bí ìbejì.

Láti ìgbà tí ilẹ̀ ti mì lóṣù tó kọjá, ògiri yàrá ìyá rẹ ti lanu débi pé ọwọ́ mi ń wọ inú rẹ̀. Àwa ará etí odò lọ bẹ ìjọba pé kí wọ́n bá wa tún ilé ṣe. Akọ̀wé wọn wá ṣí ìwé kan láti ọ́fíìsì yín, níbi tí ẹ ti ń ṣírò iye ilé tí ilẹ̀ mímì máa wó. Ó ní ilé kankan ò lè wó nílùú wa, torí orí àpáta ni gbogbo wọn wà. Ó fi àwòrán ìlú hàn mí, àmì kan péré ló wà níbẹ̀, lórí òkè níbi tí ọ́fíìsì tiwọn wà, ó ní ibẹ̀ lẹ kó gbogbo ọ̀ọ́dúnrún ilé wa sí.

Inú mi dùn, mo rò pé ẹ ti wá ibùgbé tuntun fún wa. Mo di bẹ́ẹ̀dì mọ́ ọmọlanke, èmi àti ìyá rẹ tì í gun òkè, mo ní kí ọlọ́dẹ fi yàrá wa hàn wá. Ó ní kò síbì kankan níbẹ̀ àfi ibi tí ọ̀gá ń gbé mọ́tò sí. Mo ní kó lọ wò ó dáadáa, ọmọ mi kì í parọ́. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ìyá rẹ ti yí ọmọlanke padà sí ọ̀nà ilé.

Fọ́ọ̀mù tí ẹ fi ránṣẹ́ lọ́dún tó kọjá, èmi ni mo kọ ọ́. Wọ́n béèrè ibi tí ilé wà, mo kọ ojú ìwé méjì: ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù káfíńtà, ogójì ìṣísẹ̀ sí odò, lórí yanrìn, níbi tí o ti já bọ́ lórí igi tí eyín rẹ kán. Akọ̀wé ní orúkọ ìlú nìkan lẹ mú nínú rẹ̀, pé ìyẹn ti tó yín, ẹ wá fi àmì kan ṣoṣo dúró fún gbogbo ilé. Ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo sì rí i pé ìwọ lo fọwọ́ sí ìwé náà. Èmi ni mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ yẹn.

A ò ní yàrá mìíràn. Abẹ́ ògiri yẹn ni ìyá rẹ ń sùn, inú ìwé tìẹ nìkan ló ti ń sùn lórí àpáta, ó sì ń dùn mí.

Jọ̀wọ́, fi owó sìmẹ́ǹtì ránṣẹ́. Má fi sínú fóònù mọ́, èyí tó o fi síbẹ̀ lọ́jọ́sí, mo gbọn fóònù náà títí, kò já bọ́.

Ilẹ̀ kò ní mì níbi tó o wà. Bó bá sì mì, Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹni tó ń wá ọ mọ ojúlé rẹ.

Èmi ni bàbá rẹ,
ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù káfíńtà, ogójì ìṣísẹ̀ sí odò.