Àpò Tó Wà Lábẹ́ Ẹnu Ẹyẹ Òfú

“Treasure, ya ẹnu! Ẹja mélòó lo kó pamọ́ síbẹ̀, ìwọ ẹyẹ òfú yìí?”

Màámi, bí Àǹtí Susan ṣe pariwo mọ́ mi nísinsìnyí nìyẹn, níbi tá a ti ń yan ẹja létí òkun Dakar. Eré ni o. Mi ò jẹ nǹkan kan.

Ẹyẹ náà ló ń yà mí lẹ́nu. Mo rò pé inú àpò abẹ́ ẹnu rẹ̀ ló ń tọ́jú ẹja sí. Irọ́ ni! Ó fi ń gbọ́n ẹja àtomi pọ̀ ni, á wá tẹnu ba àyà kí omi lè ro tán kó tó gbé ẹja mì. Ó tóbi ju tòlótòló yín lọ, síbẹ̀ ó ń fò. Mo ṣẹ́ egungun rẹ̀ kan tí mo rí nínú iyanrìn: ihò ni inú rẹ̀, bí igi ewé ìbẹ́pẹ.

Yunifọ́ọ̀mù iléèwé tí ẹ rán fún mi nílé ní Ìkọ̀yà kí n tó wá síbí ṣì dà bí tuntun. Ẹ bá mi kí Benedict àbúrò mi àti gbogbo ará ṣọ́ọ̀ṣì.

Tí mo bá da lẹ́tà yìí kọ sínú ìwé tí màá fi ránṣẹ́, màá fo ibí yìí. Oṣù mẹ́fà rèé tí Àǹtí Susan ti mú mi wá síbí pé kí n wá kàwé, mi ò tíì wọ kíláàsì. Lọ́la, màá wọ yunifọ́ọ̀mù náà sábẹ́ ìró, màá gbé agbọ̀n ẹja bíi pé etíkun ni mò ń lọ, màá sì yà sílé ẹ̀kọ́ ẹ̀yìn ọjà. Mi ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni.