Fìlà Nìkan Ni Ẹ Ní Ẹ Gbé Síta

Bàbá mi, ẹ̀yin tí mo fẹ́ràn, tí inú sì ń bí mi sí,

Mi ò ní béèrè àlàáfíà yín. Ẹ̀yin ti sinmi. Àwa tí ẹ fi sílẹ̀ ni ara ń ni. Ọ̀rọ̀ wà lọ́kàn mi, ẹ sì máa gbọ́ ọ lónìí.

Ẹ mọ iṣẹ́ mi. Ẹ̀yin lẹ máa ń dá òfì dúró, tí ẹ óò máa juwọ́ sí gbogbo bàálù tó bá kọjá lórí Ìsẹ́yìn, ìbáà ṣe tèmi, ìbáà má ṣe tèmi. Ó dáa. Iléeṣẹ́ wa fẹ́ gbé gbogbo ìrìn kúkúrú, Ìbàdàn, Ìlọrin, Kàdúná, fún àwọn agbaṣẹ́ṣe kan láti òkè òkun. Wọ́n á kó bàálù kéékèèké tiwọn wá, wọ́n á kó páílọ́ọ̀tì tiwọn wá, wọ́n á wá fi ọ̀dà iléeṣẹ́ wa kun bàálù wọn. Èrò á ra tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ wa, á rò pé àwa la ń gbé òun. Irọ́ gbuu.

Àwa àgbà tí à ń wa bàálù ńlá lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, wọn ò fọwọ́ kàn wá. Àwọn àbúrò wa tó ń wa kéékèèké ni wọ́n fẹ́ dá dúró lẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n sì fẹ́ kí àwa àgbà fọwọ́ sí i, kí ariwo má baà sí. Máníjà wa, ọmọ Yorùbá bíi tiwa, rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, “Kí ló kàn yín níbẹ̀? Àwọn kéékèèké nìkan la gbé fún wọn.”

Bàbá, ohùn yín ni mo gbọ́ lẹ́nu ọkùnrin yẹn.

Ṣé ẹ rántí Bàbá Rábíù, àbúrò yín, tí òfì wọn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiyín lábẹ́ àtíbàbà? Ẹ̀yin ń hun sányán fún àwọn ọlọ́lá. Bàbá Rábíù ń hun fìlà àti ìborùn, ìdí fìlà yẹn náà sì làwọn ọmọ iṣẹ́ ti ń kọ́ṣẹ́. Nígbà tí òkìkí yín kàn, ẹ rí àwọn ahunṣọ ìlú mìíràn tó ń gbaṣẹ́ ní pọ́ọ́kú, ẹ kó fìlà fún wọn, ẹ sì ń tà á bí iṣẹ́ ọwọ́ yín. Bàbá Rábíù bẹ̀ yín títí. Ẹ ní fìlà nìkan lẹ gbé síta, pé kí ni wọ́n ń pariwo lé lórí. Bàbá Rábíù tú òfì wọn, wọ́n lọ ń gbin iṣu ní Òtu. Ẹ ò sìn wọ́n dé ẹnu ọ̀nà.

Ẹ wá wo ohun tó tẹ̀yìn ẹ̀ yọ. Àwọn ọmọ iṣẹ́ fọ́n ká, torí ọmọ tí kò hun fìlà rí, ta ló máa gbé sányán lé e lọ́wọ́? Nígbà tí ojú yín di bàìbàì, kò sẹ́ni tó lè jókòó sídìí òfì yín. Àwọn tí ẹ gbé fìlà fún ló gba àwọn oníbàárà sányán lọ. Ẹ jókòó, ẹ ń bínú sí gbogbo ayé, ẹ ò bínú sí ara yín lẹ́ẹ̀kan. Kí ló dé? Ṣé ẹ ò mọ̀ ni, àbí ẹ mọ̀ tí ojú ń tì yín?

Ẹ̀rù bà mí, mi ò ní purọ́. Ìyàwó mi bẹ̀ mí kí n fọwọ́ sí i: àwọn ọmọ wà nílé ìwé, ilé tí à ń gbé, ti iléeṣẹ́ ni. Ó rí ọ̀rọ̀ sọ. Mi ò mọ iṣẹ́ mìíràn láyé yìí.

Mi ò fọwọ́ sí i. Máníjà bi mí lójú gbogbo àwọn àgbà pé kí ló ń dà mí láàmú nígbà tí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kan ìjókòó tèmi. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé ilé la ti ń jẹ èkúté onídodo. Mo gbé e jáde lọ́jọ́ náà. Mo ní, “Bàbá mi ṣe irú ẹ̀ rí. Wọ́n lé àbúrò wọn lọ, wọ́n sì fọwọ́ ara wọn pa iṣẹ́ ilé wa.”

Wọ́n ti ní kí n lọ máa jókòó sílé. Mi ò mọ̀ bóyá wọ́n á pè mí padà. Ìyẹn kọ́ ló ń dùn mí jù. Mo tú yín fó lójú àlejò, ẹ̀yin tí ẹ ò lè wí tẹnu yín mọ́. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń wá ẹ̀bẹ̀ tí mo máa bẹ̀ yín, mi ò rí i. Bí wọ́n bá tún bi mí lọ́la, màá tún un sọ.

Èmi ni, ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tó ṣì ń jẹ́ orúkọ yín.