Bàbá, Àga Yín Ti Ríṣẹ́

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mo mọ̀ pé ẹ ò fẹ́ràn kí ènìyàn máa fa ọ̀rọ̀ gùn, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n yáa sọ ọ́: àga yín ti ríṣẹ́. Iṣẹ́ ìjọba sì ni o! Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀, gbogbo àgbà ọkùnrin tó bá wá sí kílíníìkì wa nítorí jẹjẹrẹ pírọ́sítéètì, irú èyí tó mú yín lọ, orí àga yín ni wọn yóò ti kọ́kọ́ jókòó, tí wọn yóò sì dìde lójú mi, kí dókítà tó rí wọn. Ayọ̀ ni mo fi ń kọ̀wé yìí o, kì í ṣe ẹkún.

Ṣé ẹ rántí ìwé ìbéèrè tí ọsibítù fún wa gbé wálé sí Bódìjà nígbà tí àìsàn yín bẹ̀rẹ̀? Ẹ jókòó sórí àga yìí náà ní báráńdà, ẹ ń ka ìwé ìròyìn, èmi mú bírò dání, mo ń bi yín léèrè. Ṣé ẹ lè gun àtẹ̀gùn? Ṣé ẹ lè gbé garawa omi? Ṣé ẹ lè rìn dé ìkóríta láìsinmi? Gbogbo rẹ̀ pátá lẹ fi "kò sí wàhálà" dá lóhùn, láìgbójú sókè. Èmi náà sì ń fàmì sí i bẹ́ẹ̀. Èmi tó jẹ́ pé iṣẹ́ tí mo kọ́ ni kí n máa wo bí ènìyàn ṣe ń dìde àti bí ó ṣe ń rìn! Ṣùgbọ́n ta ni mo tó tí n ó fi sọ pé bàbá mi ò sọ òótọ́? Dókítà ka ìwé náà, ó gbà pé ara yín le. Nígbà tí ẹsẹ̀ yín kọ̀ lójú ọ̀nà balùwẹ̀, ó ti pẹ́ jù. Kí ló dé tí n kò kàn ní kí ẹ dìde, kí n wò yín?

Ẹ̀yin nìkan kọ́ lẹ ń ṣe é, mo ti wá mọ̀. Bi àgbà ọkùnrin ilẹ̀ wa léèrè bí ara ṣe rí, "a dúpẹ́" ni yóò sọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ńṣe ni wọ́n gbé e wọlé. Pàápàá tó bá jẹ́ ọmọdébìnrin ló ń bi í. Ìdí nìyẹn tí mo fi lọ bá dókítà àgbà wa pé kí a má bi wọ́n mọ́, kí a máa wò wọ́n: kí wọ́n ká ọwọ́ mọ́ àyà, kí wọ́n dìde lórí àga lẹ́ẹ̀marùn-ún, kí n fi aago ka bó ṣe pẹ́ tó. Dókítà àgbà rẹ́rìn-ín. Wọ́n fún mi ní oṣù mẹ́ta pé bí kò bá sọ ohun tí ìwé kò sọ fún wa, kí n jọ̀ọ́, kí n jẹ́ kí àwọn àgbà sinmi.

Àga wá di ìṣòro. Ti ọsibítù, ọ̀kan lápá, ọ̀kan ń mì, ọ̀kan fẹ́rẹ̀ẹ́ kanlẹ̀. Ẹyọ kan tó dúró dáadáa ni mo ń wá, mo sì mọ ibi tó wà. Ẹ mọ ìyàwó yín. Láti ìgbà tí ẹ ti lọ, ìdí ẹnikẹ́ni ò kan àga yẹn. Kódà nígbà tí àbúrò yín wá kí wa, orí bẹ́ǹṣì ni wọ́n júwe fún un. Mo bẹ Màmá títí, wọn ò gbà. Àfi bí mo ṣe jí lọ́jọ́ kan tí mo bá àga lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ti nù ún, ó ń dán. Mo gbé e sẹ́yìn takisí, bùútù ò ṣeé pa dé. Awakọ̀ wò mí láti òkè délẹ̀.

"Àǹtí, ṣé ẹ̀ ń kó kúrò nílé ọkọ ni?"

Mo rẹ́rìn-ín dé ibi iṣẹ́.

Oṣù méjì kọjá, a ò rí nǹkan kan gúnmọ́. Ọkàn mi ti ń pami. Ìgbà náà ni Bàbá Mọ́níyà dé, àgbẹ̀ ni wọ́n. Nínú ìwé tiwọn, wọ́n ń roko, wọ́n ń gbẹ́bè, kò sí wàhálà. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo ní kí wọ́n bá mi jókòó sórí àga bàbá mi. Wọ́n dìde lẹ́ẹ̀kan. Ẹlẹ́ẹ̀kejì, wọ́n kérora. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta, wọn ò lè dìde. Wọ́n bá bú sẹ́rìn-ín.

"Ìwọ ọmọ yìí, àga bàbá ẹ ló kúrú!"

Bàbá, mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn rí, lẹ́nu yín. Ẹ ní àga kúrú, ẹ ránṣẹ́ sí káfíńtà ní Agbówó kó wá fi igi lé ẹsẹ̀ rẹ̀. Káfíńtà tún padà wá lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ó fi òmíràn lé e. A ń fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ pé àga yín yóò kan àjà láìpẹ́. Mo dojú àga dé: igi méjì-méjì ló wà lábẹ́ ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ìka mẹ́rin ní gíga. Kì í ṣe àga ló kúrú, agbára ẹsẹ̀ yín ló ń tán. Ojú ẹsẹ̀ ni mo sáré lọ bá dókítà. Wọ́n yẹ ẹ̀yìn Bàbá Mọ́níyà wò, àrùn náà ti ń dé ibẹ̀, òun ló ń gba agbára ẹsẹ̀ wọn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú lọ́jọ́ náà gan-an, èmi náà sì ń fi eré ìmárale tọ́jú ẹsẹ̀ wọn lọ́sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀.

Àárọ̀ òní ni gbèdéke mi pé. Dókítà àgbà dúró tì wá. Bàbá Mọ́níyà káwọ́ mọ́ àyà, wọ́n dìde, wọ́n jókòó, àwọn aláìsàn tó wà lórí ìlà bẹ̀rẹ̀ sí í bá wa kà á sókè. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún! Mo fò sókè, mo pariwo. Àṣé n kò tẹ aago! Dókítà wò mí. Mo tún kúnlẹ̀ fún Bàbá Mọ́níyà pé kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n tún un ṣe.

"Ṣé o fẹ́ pa mí ni?"

Bí wọ́n ṣe sọ bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹwàá, Bàbá! Dókítà bọ̀ mí lọ́wọ́.

Wọ́n ní kí n jẹ́ kí káfíńtà yọ igi tó wà lábẹ́ rẹ̀. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fi í sílẹ̀. Ẹ ti wọn ara yín fún wa, ìka méjì, lẹ́yìn náà ìka mẹ́rin, àwa là ń rẹ́rìn-ín. Ẹ forí jì mí. Ibi tí agbára yín dé ni àwọn tó kù yóò ti máa dìde.

Èmi ni,
ọmọ yín tó ń fi ìfẹ́ nu àga yín láràárọ̀.