Òbúkọ Ìyá Rẹ Tí Kò Níwo

Fàòsíyà ọmọ mi,

O kú ewu ọmọ, o kú ìrọ́jú. Ọlọ́run tí ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ láyọ̀ kò ní jẹ́ kí omi ọmú rẹ gbẹ. Bá mi kí ọkọ rẹ àti gbogbo ilé rẹ̀. Adérónkẹ́ aránṣọ tó ń gbé ilé kejì sí wa ló ń bá mi kọ lẹ́tà yìí. Èmi ń sọ ọ́, òun ń kọ ọ́, bí o bá rí ọ̀rọ̀ dídùn níbẹ̀, tirẹ̀ ni. Ó ní tí òun bá kọ ọ́ tán òun yóò fi fóònù ya á, yóò sì dé Agége kí òun tó ki okùn bọ abẹ́rẹ́. Mo ní kí ó kọ ọ́ wẹ́wẹ́, kí ó lè gba ojú fóònù náà kọjá.

Ilé wà dáadáa. Òjò ti bẹ̀rẹ̀ lọ́nà Papalanto níbí, ní òwúrọ̀ kùrukùru máa ń bo ilẹ̀ débi pé ìwo àwọn ewúrẹ́ nìkan ni mò ń rí, tí wọ́n ń léfòó lọ bí ẹ̀ka igi lórí omi. Òbúkọ ìyá rẹ nìkan ni n kì í rí títí yóò fi dé iwájú mi, nítorí kò níwo.

Ọ̀rọ̀ òbúkọ náà ni mo fẹ́ sọ. O rántí pé kí ìyá rẹ tó kú, ó ní ẹran yẹn ni a ó pa fún àkíkà ìsọmọlórúkọ àkọ́bí rẹ. Òun ló fọwọ́ gbà á lọ́jọ́ tí wọ́n bí i. Ní àràárọ̀, kí ó tó gbé àdìrẹ rẹ̀ lọ sí ọjà Ìtòkú, yóò fi ìka pa á lórí, yóò ní ìwo rẹ̀ máa tó hù. Mo ní kò ní hù, ìyá tí ó bí i kò ní, kí ló fẹ́ kí ọmọ rí? Ó ní kí n dákẹ́. Orí ẹran náà funfun, aró ọwọ́ ìyá rẹ máa ń hàn níbẹ̀ bí ojú ọ̀run kékeré. Ìyá rẹ lọ, irun ẹran náà re, aró bá a lọ.

Ìgbà tí o ránṣẹ́ pé ẹ ti sún àkíkà ọmọ di ọjọ́ kọkànlélógún, pé kí n mú ẹran wá, mo múra. Ṣùgbọ́n mo rò ó pé ẹran tí kò níwo, ṣé kì í ṣe alábùkù? Mo mú un lọ bá Àáfà Ṣéhù. Okùn kì í dúró lọ́rùn rẹ̀, kò sí ìwo tí yóò dá a dúró. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló bọ́ lọ́nà, ó sì ń tẹ̀lé mi lọ láìsí okùn. Àáfà tẹ orí rẹ̀ bí ẹni ń yan ìbẹ́pẹ. Ó ní èyí tí ìwo rẹ̀ bá ṣẹ́ dé gbòǹgbò ni a lè máa jiyàn lé, èyí tí Ọlọ́run kò fún rárá kò lábùkù. Mo ní kí ó ṣí ìwé wò. Ó ṣí i, ó ní bákan náà ni. Mo ní bóyá ìwé mìíràn wà. Ó wò mí, ó ní Bàbá Fàòsíyà, ṣé ẹ wá béèrè òfin ni, àbí ẹ wá bẹ̀bẹ̀ fún ẹran? Mo bínú kúrò níbẹ̀.

Adérónkẹ́ wá fi fóònù tí ojú èèyàn ń hàn nínú rẹ̀ pe dókítà ẹran kan ní Adigbe. Ó ní kí n jẹ́ kí òun rí orí rẹ̀. Mo gbé fóònù lé e lórí, mo tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa. Dókítà ní òkùnkùn lòun ń rí. Mo ní irun ló pọ̀ níbẹ̀, kí ó máa fọwọ́ wá a lọ. Òbúkọ lá fóònù náà látòkè délẹ̀. Nígbà tí dókítà rí i tán, ó ní àbínibí ni, kò ṣàìsàn, ẹran rẹ̀ yóò dùn. Mo ní ta ló bi í ní ti dídùn? Adérónkẹ́ ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń kọ èyí. Kí ó máa rín.

Lọ́sàn-án àná mo sùn lọ lábẹ́ igi àgbálùmọ̀. Mo rí ìyá rẹ, ó jókòó, orí ẹran náà wà lórí itan rẹ̀. Ó ní, Bàbá Fàòsíyà, ó ti ń hù. Mo ní níbo? Ó fà mí lọ́wọ́, ó fi ìka mi síbẹ̀. Ibẹ̀ gbóná. Nígbà tí mo jí, ọwọ́ mi wà lórí ẹran náà lóòótọ́, orí rẹ̀ tẹ́jú bí àtijọ́. Oòrùn ló mú un gbóná.

Mi ò lè pa á. Mo ti ní kí Adérónkẹ́ pa ibẹ̀ yẹn rẹ́, ó kọ̀.

Mi ò sunkún níbi ìsìnkú ìyá rẹ, o ní ọkàn mi le. Ó le. Ṣùgbọ́n ìkòkò aró rẹ̀ kò mọ̀ pé ó ti lọ, àga rẹ̀ kò mọ̀. Ẹran yìí mọ̀. Ní àràárọ̀ yóò lọ dúró sí ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ̀, yóò na orí sílẹ̀, èmi ni mo wá ń fi ìka pa á lórí.

Nítorí náà fi owó ránṣẹ́, kí n ra òmíràn, oníwo gidi, tí àwọn àna rẹ yóò rí tí wọn yóò yìn. Láti ọjọ́ tí o ti lọ sílé ọkọ, mi ò tọrọ kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ rí. Má fi í gba inú fóònù Adérónkẹ́, itọ́ ẹran ti wọ ibẹ̀, owó náà lè rin. Fi rán awakọ̀. Ní ti ìlérí ìyá rẹ, kí ó wà lọ́rùn mi. Ọjọ́ tí a bá tún ríra, n óò ṣàlàyé fún un fúnra mi.

Ọmọ náà yóò gbó, yóò tọ́. Òun ni yóò sin yín, ẹ̀yin kò ní sin ín. Àmín.

Èmi bàbá rẹ,
Láwàlì